Mo fẹ́ yọ dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn Golf 3 mi, kí n fi dísìkì sí i: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìbarà

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Golf 3 ni mo ń wà, ẹ́ńjìnnì 1.8, gíá ọwọ́. Dísìkì ló wà níwájú, dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Bíréèkì ẹ̀yìn yìí ti ń yọ mí lẹ́nu. Bí mo bá kó ẹrù, tí mo sì ń sọ̀ kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, pẹ́dà á máa wọlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì ní láti pọ́ǹpù ú kó tó gbá ọkọ̀ mú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láínín tuntun ni wọ́n fi sí i. Mẹkáníìkì mi ní ká yọ dúrọ́ọ̀mù dànù, ká fi dísìkì sí i. Ó ní wẹ́dà kan máa bá wa jó irin tí kálípà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún pádì mọ́ dísìkì, máa jókòó lé. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí ọ̀rọ̀ wẹ́dà yẹn. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó tó owó tí wọ́n ń ná sí i? Kí ni kí n rà, kí sì ni kí n má fọwọ́ kàn?

Mẹkáníìkì Láfẹ́nwá

Àbúrò, o ṣeun tó o béèrè kí wọ́n tó tú ọkọ̀. Má jẹ́ kí wẹ́dà kankan jó irin kálípà mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ. Gbogbo agbára tó ń dá ọkọ̀ dúró, orí irin yẹn ló ń bọ́ sí. Bó bá já nígbà tí o tẹ bíréèkì lórí eré, kálípà á yí lu rímù, hóòsì á já, ọ́ìlì á tú dànù. Golf 3 ò tiẹ̀ nílò wẹ́dà. Volkswagen fúnra wọn ti ṣe Golf 3 tó ní dísìkì lẹ́yìn, ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń tú ohun gbogbo.

Ṣùgbọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ rẹ. Pẹ́dà tó ń wọlẹ̀, tó sì ń gòkè bí o bá pọ́ǹpù ú, láínín ló jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù tàbí kó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ wà nínú páìpù. Nínú dúrọ́ọ̀mù Golf 3, irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà tó tín-ín-rín nísàlẹ̀, sípíríǹgì ló ń fà á wálẹ̀. Bí láínín bá ṣe ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ni irin yẹn á máa sọ̀ kalẹ̀, á sì máa ti láínín jáde kó lè sún mọ́ dúrọ́ọ̀mù. Tí eruku àti ìpẹtà bá ti dì í, ojú kan ló máa wà. Láínín lè jẹ́ tuntun, kó wá láti Jámánì pàápàá, pẹ́dà á ṣì máa wọlẹ̀. Ohun mìíràn tó máa ń dá irin yẹn dúró ni kébù hándì bíréèkì tí wọ́n fà le jù. Mẹkáníìkì tó rí i pé hándì bíréèkì ò mú á fa kébù, ọ̀pá inú dúrọ́ọ̀mù ò ní lè padà sáyè rẹ̀ mọ́, irin náà ò sì ní ríbi ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ tú kébù sílẹ̀ pátápátá, ẹ yọ dúrọ́ọ̀mù, kẹ́ ẹ fi ìka kan irin yẹn wò. Ó yẹ kó máa lọ sókè sódò wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn wíìlì sílíńdà náà, ìyẹn ibi tí ọ́ìlì ti ń ti láínín jáde, ẹ ká rọ́bà etí rẹ̀ sókè: tó bá tutù nínú, ó ti ń jò. Kẹ́ ẹ sì wọn inú dúrọ́ọ̀mù. Oríṣi méjì ló wà lára Golf 3, èyí tó jẹ́ 180 mm àti èyí tó jẹ́ 200 mm. Èyí tó bá ti fẹ̀ ju mílímítà kan lọ sórí ìwọ̀n rẹ̀, ẹ jù ú nù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún un fá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ eruku inú dúrọ́ọ̀mù, ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ ẹ. Láínín àtijọ́ mìíràn ní asbestos nínú, ẹ̀dọ̀fóró ni eruku rẹ̀ ń bà jẹ́, kì í sì í fi ara hàn lọ́jọ́ náà. Omi àti ọṣẹ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́. Àwọn ọmọṣẹ́ wa ló ń mí i sínú lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ yìí sì ń dùn mí gan-an.

Bàbá Onípijó

Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ ṣeun. Ẹ bá a wo iwájú náà. Bí èèyàn bá tẹ bíréèkì, ìwúwo ọkọ̀ á rọ́ síwájú, ẹ̀yìn á fúyẹ́. Bíréèkì iwájú ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù, bí ìdá méje nínú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí pádì iwájú rẹ̀ ti jẹ tán, tó wá ń náwó sí ẹ̀yìn, ibi tí iná ò ti jó ló ń bu omi sí.

Ọmọ Aké

Mo fara mọ́ ohun táwọn àgbà sọ, àmọ́ mi ò ní kí Ọmọ Ìbarà má ṣe é. Àǹfààní wà nínú dísìkì lóòótọ́, pàápàá fún ẹni tó ń kó ẹrù ní ìlú olókè bíi tiwa. Dúrọ́ọ̀mù dà bí ìkòkò tí wọ́n dé lórí iná: ooru ò ríbi gbà jáde. Bó bá gbóná, dúrọ́ọ̀mù á fẹ̀, á sún kúrò lọ́dọ̀ láínín, pẹ́dà á sì tún wọlẹ̀ sí i. Dísìkì ò ní wàhálà fífẹ̀ sẹ́yìn yẹn, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà sì ń tù ú. Bí òjò bá rọ̀, omi kì í pẹ́ lára rẹ̀. Ìyípo díẹ̀ ló máa fi gbọ̀n ọ́n dànù. Èèyàn sì lè rí pádì láti ìta láìtú ohun tó pọ̀.

Ohun tí dúrọ́ọ̀mù fi jù ú lọ ni pé bí táyà bá ṣe ń yí, ó ń fa láínín kan mọ́ra, ó sì ń fi kún agbára ẹsẹ̀ ẹni. Dísìkì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Agbára ọ́ìlì tó pọ̀ jù ló nílò, ọ́ìlì tí kálípà ń gbà sì pọ̀ ju ti wíìlì sílíńdà lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Wọ́n á ra kálípà àti dísìkì, wọ́n á dè é, wọ́n á fi àwọn nǹkan tó kù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà fún dúrọ́ọ̀mù. Pẹ́dà á jìn, hándì bíréèkì ò ní mú, wọ́n á wá sọ pé dísìkì ò dáa.

Ara ọkọ̀ kan ṣoṣo ni kó o ti tú gbogbo rẹ̀. Golf 3 GTI 8-valve tó ní bóòtì táyà mẹ́rin ni kó o wá. Má gba ti VR6, ìyẹn Golf 3 tó jẹ́ 6-plug, bóòtì márùn-ún ló ní, rímù rẹ ò ní wọlé. Ohun tí wàá gbà ni irin tí dísìkì ń yí lé, èyí tí bóòtì mẹ́rin dè mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ọ̀tún àti òsì; irin tó gbé kálípà; kálípà méjèèjì; hóòsì tó wọ kálípà; kébù hándì bíréèkì méjèèjì, torí orí kébù ti dúrọ́ọ̀mù yàtọ̀; fáàfù tó ń dín agbára ọ́ìlì ẹ̀yìn kù; àti másítà sílíńdà, èyí tí pẹ́dà ń tì kó lè fi ọ́ìlì ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Dísìkì àti pádì, tuntun ni kó o rà. 226 mm ni dísìkì náà, inú rẹ̀ ni bẹ́árìn ń jókòó sí, nítorí náà fi bẹ́árìn tuntun sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Fáàfù yẹn ni mo fẹ́ kó o di ojú rẹ mọ́ jù. Abẹ́ ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló wà, sípíríǹgì sì so ó mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí ẹrù bá wà lẹ́yìn, tí ọkọ̀ tẹ̀ wálẹ̀, á jẹ́ kí ọ́ìlì tó pọ̀ kọjá. Bí ẹ̀yìn bá fúyẹ́, á dín in kù. Bí kò bá bá bíréèkì mu, táyà ẹ̀yìn lè há ṣáájú tiwájú. Ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́kọ́ há lórí títì tó tutù á fi ẹ̀yìn yí síwájú ni, kò sí bí awakọ̀ ṣe lè mọṣẹ́ tó. Àwọn kan máa ń yọ fáàfù yìí dànù torí ó ti dì. Ẹ má ṣe é.

Bí ọkọ̀ rẹ bá ní ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há bí èèyàn bá tẹ bíréèkì, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀. Òrùka olójú eyín àti sẹ́ńsọ̀ wà lẹ́yìn, ó sì gbọ́dọ̀ bá èyí tó ń bọ̀ mu. Sọ fún wa tó bá ní.

Ọmọ Ìbarà

Kò ní ABS. Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti béèrè ní Ládípọ̀, ọjà ohun èlò ọkọ̀ l'Ékòó. Ẹnìkan ní òun ní kálípà àti dísìkì, pé kébù tí mo ní lọ́wọ́ á ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá gé e kúrú.

Mẹkáníìkì Láfẹ́nwá

Kébù hándì bíréèkì, wọn kì í gé e. Fi ẹni yẹn sílẹ̀.

Ìyá Ọlọ́jà Ìtokú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ń dúró kẹ́nì kan sọ̀rọ̀ hándì bíréèkì dáadáa, torí ohun tó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n nìyẹn. Aṣọ àdìrẹ ni mo ń kó. Ibi tí mo ń páàkì sí dagun, gbogbo ẹni tó bá mọ Ìtokú mọ bó ṣe rí. Ọkọ̀ tèmi ní dísìkì lẹ́yìn láti ilé-iṣẹ́, kálípà kan náà ló ń ṣe bíréèkì ẹsẹ̀ àti ti ọwọ́. Dúrọ́ọ̀mù tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ mú ju èyí lọ lórí òkè, mi ò ní purọ́.

Ohun tí mo ti rí ni pé kálípà irú èyí kì í fẹ́ kí wọ́n pa á tì. Ẹni tó bá ń fi gíá nìkan páàkì, ọ̀pá ẹ̀yìn kálípà á dì. Ọjọ́ tó bá wá fà á, kò ní padà, pádì á máa fà mọ́ dísìkì, rímù á gbóná dé ibi tí ọwọ́ ò ti ní lè kàn án. Mo máa ń fa hándì bíréèkì mi lójoojúmọ́, kódà níbi tó tẹ́jú. Lórí òkè, mo máa fi sí gíá, mo máa yí orí táyà sí ẹ̀gbẹ́ títì, ọmọ ìsọ̀ mi á sì fi òkúta há ẹ̀yìn táyà. Àwọn ọmọdé ń ṣeré nísàlẹ̀ ibẹ̀. Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ wọn ṣeré.

Ọmọ Aké

Ẹ ṣeun, Mà. Òótọ́ pátápátá ni, kálípà Golf 3 náà sì ni irú tẹ́ ẹ sọ yẹn.

Ọmọ Ìbarà, tó o bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta tòkúnbọ̀, ibi tí wàá kọ́kọ́ wò nìyẹn. Ọ̀pá kékeré wà lẹ́yìn kálípà tí kébù ń so mọ́. Fi ọwọ́ tì í lọ síwájú, kó o fi sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ padà, kó sì kan ìdí pátápátá. Èyí tó bá ń padà díẹ̀díẹ̀, tàbí tó dúró láàárín ọ̀nà, má gbà á, bó ti wù kó mọ́ tó lójú. Ká rọ́bà tó yí písítìnì ká kó o wo inú rẹ̀ bóyá ó ti pẹtà. Irin méjì tí kálípà ń rìn lórí wọn náà gbọ́dọ̀ máa lọ wọ́ọ́rọ́.

Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi pádì tuntun sí i, ẹ má fi kílám̀pù ti písítìnì wọlé bíi tiwájú. Yíyí ni wọ́n ń yí i sọ́wọ́ ọ̀tún, kẹ́ ẹ sì máa tì í bó ṣe ń yí. Ẹni tó bá fi agbára tì í á ba ìdè inú rẹ̀ jẹ́, hándì bíréèkì ò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́.

Awakọ̀ Ọ̀nà Ṣàgámù

Ẹ bá mi dá sí tèmi. Camry pencil light ni, 4-plug. Dúrọ́ọ̀mù ló wà lẹ́yìn. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Mẹkáníìkì Láfẹ́nwá

Ó ṣeé ṣe. Pencil light tó jẹ́ V6 ní dísìkì lẹ́yìn. Gba gbogbo irin tí họ́ọ̀bù jókòó lé látara V6, lọ́tùn-ún lósì, pẹ̀lú kálípà, hóòsì àti kébù. Ti Toyota yìí tiẹ̀ dùn mọ́ mi ju ti Golf lọ, torí láínín kékeré kan wà nínú dísìkì fúnra rẹ̀ tó jẹ́ ti hándì bíréèkì nìkan, kò sí lára kálípà. Ó máa ń mú dáadáa lórí òkè. Ṣùgbọ́n tí dúrọ́ọ̀mù rẹ bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mi ò rí ìdí tí wàá fi náwó náà. Ra táyà tó dáa.

Bàbá Onípijó

Kí àwọn tó bá ní 504 bíi tèmi má lọ ṣi owó ná. 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, oríṣiríṣi ni. Sàlúùnù GL tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń dá rìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní dísìkì ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Sitéṣọ̀n wágọ̀nù tó ń kó èrò, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá kan gbọọrọ, dúrọ́ọ̀mù ló sì ní. Ohun tẹ́ ẹ bá tú lára sàlúùnù yẹn ò ní wọ ara wágọ̀nù. Wágọ̀nù ni tèmi, mo fi dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ sílẹ̀, mo ń tún un ṣe bó ṣe yẹ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi gíá sọ̀ kalẹ̀. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ ni kẹ́ ẹ ti wọ gíá kejì tàbí ìkẹta, kẹ́ ẹ́ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbá ọkọ̀ mú, kẹ́ ẹ wá máa tẹ bíréèkì kẹ́ ẹ sì máa fi sílẹ̀. Ẹni tó fi sí fúríì tó gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀, àti dísìkì àti dúrọ́ọ̀mù ló máa jó. Àwọn wágọ̀nù tó ń kó èrò láti Abẹ́òkúta lọ sí Èkó nígbà náà, dúrọ́ọ̀mù ni gbogbo wọn ní lẹ́yìn.

Ọmọ Ọ̀bàntókò

Volkswagen ìjàpá ńkọ́, ẹ̀yin ọ̀gá?

Ọmọ Aké

Wọ́n ń ta ohun èlò tí wọ́n fi ń yí i sí dísìkì lódindi lókè òkun. Kíyè sí másítà rẹ̀: fáàfù kékeré wà lẹ́nu ibi tí ọ́ìlì ń gbà jáde lọ sí dúrọ́ọ̀mù, tó ń há agbára díẹ̀ mọ́ inú páìpù nígbà tẹ́sẹ̀ bá kúrò lórí pẹ́dà. Dúrọ́ọ̀mù ló nílò rẹ̀. Tí o bá fi dísìkì sí i láìyọ ọ́, pádì á máa fà títí tí á fi jó.

Mẹkáníìkì Láfẹ́nwá

Ó ku ọ̀rọ̀ ọ́ìlì bíréèkì. DOT 4 ni kẹ́ ẹ rà, kó jẹ́ èyí tí wọn ò tíì ṣí. Tó bá wà ní tuntun, kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230°C. Bó bá ti fa omi mu, ó lè hó ní 155°C. Ọ́ìlì tó bá hó á di afẹ́fẹ́ nínú páìpù, pẹ́dà á sì dé ilẹ̀ láìsí bíréèkì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì. Ẹ má da DOT 5 mọ́ ọn, sìlíkónì ni ìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ọ́ìlì sítíírìn tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí: gbogbo rọ́bà inú másítà àti kálípà ló wú, kò sí èyí tó ṣeé lò mọ́.

Tẹ́ ẹ bá ń yọ afẹ́fẹ́, fáàfù ẹ̀yìn yẹn tún máa ń da nǹkan rú. Nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń rọ̀ wálẹ̀, fáàfù á rò pé kò sí ẹrù kankan lẹ́yìn, á sì dín ọ́ìlì kù. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan ti ọ̀pá fáàfù náà sọ́dọ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nígbà tẹ́ ẹ bá ń yọ ọ́. Ẹ̀yìn ọ̀tún ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ bọ́ sí ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, kẹ́ ẹ fi iwájú òsì parí. Ẹ fi sítáǹdì gbé ọkọ̀ náà dúró o. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé.

Ìgbà tí pẹ́dà bá ti le ni kẹ́ ẹ tó so kébù. Ẹ tẹ pẹ́dà dáadáa léraléra kí písítìnì lè rí ipò rẹ̀, kẹ́ ẹ wá fa kébù díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pá ẹ̀yìn kálípà gbọ́dọ̀ ṣì kan ìdí nígbà tí hándì bíréèkì wà nílẹ̀.

Àdánwò, ojú títì tó tẹ́jú ni, láàárọ̀ nígbà tí ọkọ̀ ò tíì pọ̀. Ẹ má gbé e lọ sí ọ̀nà Ìtokò tàbí Ìkìjà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ sáré dé bí 50 tàbí 60 kìlómítà ní wákàtí kan, ẹ tẹ bíréèkì títí eré á fi wálẹ̀ sí bíi 10, ẹ má dúró pátápátá, ẹ tún sáré lọ. Ẹ ṣe é ní àṣetúnṣe, kẹ́ ẹ máa jẹ́ kó tutù láàárín. Bẹ́ẹ̀ ni pádì tuntun ṣe máa ń mọ dísìkì. Lẹ́yìn náà, ẹ na ọwọ́ sún mọ́ rímù kọ̀ọ̀kan, ẹ má fọwọ́ kàn án: ọ̀tún àti òsì gbọ́dọ̀ gbóná bákan náà. Èyí tó bá gbóná ju ìkejì lọ, nǹkan ń fà níbẹ̀.

Ọmọ Ìbarà

Ẹ̀yin àgbà, Olúwa á máa bá yín ṣe é. Mo fẹ́ ká kọ́kọ́ tú dúrọ́ọ̀mù náà wò bí ọ̀gá ṣe sọ, mo sì ti sọ fún mẹkáníìkì mi pé kò sí wẹ́dà. Tí dísìkì bá wá di dandan, 13 ni rímù mi. Ṣé ó máa gba kálípà?

Ọmọ Aké

Rímù 13 òmíràn máa ń gbà á, òmíràn á máa há. Bí ikùn rímù ṣe rí nínú ló máa sọ. Lọ́jọ́ tó o bá ń lọ sí Ládípọ̀, yọ rímù kan dání, sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó de kálípà mọ́ irin rẹ̀, gbé rímù lé e lórí, kó o sì yí i yípo kan kó o tó sanwó. Ó yẹ kí ìka kékeré lè kọjá láàárín méjèèjì. Gbé fáàfù àti kébù rẹ dání pẹ̀lú, kó o lè fi wé èyí tó fẹ́ tà fún ọ.